Bí mo ṣe gbé kásẹ́ẹ̀tì bàbá mi sórí sẹ́fà tèmi

Kásẹ́ẹ̀tì 23 ni bàbá mi fi sílẹ̀ sínú páálí bàtà kan kí wọ́n tó dolóògbé. Kásẹ́ẹ̀tì MiniDV ni gbogbo wọn, àwọn kékeré tí wọ́n máa ń kì bọ ẹ̀gbẹ́ kámẹ́rà nígbà náà. Wọ́n ti fi bírò kọ nǹkan sára ọ̀kọ̀ọ̀kan: ìgbéyàwó àǹtí, ọjọ́ tí a kó dé ilé tuntun, òjò ńlá, àwọn ọmọ ń gun kẹ̀kẹ́. Mo yá kámẹ́rà kan tó ṣì lè ka irú kásẹ́ẹ̀tì bẹ́ẹ̀, mo fi wáyà FireWire so ó mọ́ kọ̀ǹpútà àtijọ́ kan, mo sì ń gbà wọ́n sílẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Iṣẹ́ yìí kò ṣeé kánjú ṣe. Kásẹ́ẹ̀tì wákàtí 1, wákàtí 1 gan-an ni yóò fi yí, fáìlì rẹ̀ yóò sì gba nǹkan bíi GB 13. Ọ̀sẹ̀ 3 gbáko ni mo fi ṣe é. Nígbà tí mo parí, gbogbo rẹ̀ wà lórí hard disk kan, inú mi dùn, mo lọ bá màmá mi ní yàrá wọn láti sọ fún wọn. Ìbéèrè kan ṣoṣo ni wọ́n bi mí: "Ṣé màá rí i wò lórí tẹlifíṣọ̀n mi?"

Mi ò ní èsì kankan lẹ́nu. Ó rọrùn láti kó gbogbo rẹ̀ lọ sórí íntánẹ́ẹ̀tì, kí n gbé e fún ilé iṣẹ́ kan kí wọ́n máa bá mi tọ́jú rẹ̀. Ṣùgbọ́n ó ti ṣẹlẹ̀ sí mi rí. Ibì kan tí mo ń kó fọ́tò mi sí ní ọdún mélòó kan sẹ́yìn ṣàdédé kógbá sílé. Wọ́n fi lẹ́tà ránṣẹ́ pé kí oníkálukú wá kó ẹrù rẹ̀, lẹ́tà yẹn lọ bọ́ sí àdírẹ́sì tí mi ò lò mọ́, nígbà tí mo fi máa rí i, ilẹ̀ ti ṣú. Fọ́tò ọdún 4 ló bá a lọ. Mi ò lè fi ohùn bàbá mi ta irú tẹ́tẹ́ bẹ́ẹ̀. Bí mo ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í wá ọ̀nà láti ní sẹ́fà tèmi nínú ilé nìyẹn.

Orúkọ yẹn ló ń bani lẹ́rù. Sẹ́fà kò ju kọ̀ǹpútà kan tí a kì í pa, tí fáìlì wà lọ́wọ́ rẹ̀, tó sì ń dá àwọn ẹ̀rọ yòókù lóhùn nígbà tí wọ́n bá béèrè fáìlì náà. Èyí tí mo lò jẹ́ kọ̀ǹpútà alágbèéká kan tí ojú rẹ̀ ti fọ́, tí mo ti pa tì sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Mo fi Debian sórí rẹ̀, irú Linux kan, ìyẹn ètò ọ̀fẹ́ tó ń darí kọ̀ǹpútà bíi ti Windows. Mo sì fi Jellyfin sórí Debian, ètò tó ń to fídíò sílẹ̀, tó sì ń fi wọ́n ránṣẹ́ sí tẹlifíṣọ̀n, fóònù tàbí bíráúsà.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ìdí tí mo fi mú Jellyfin, nítorí ọ̀rọ̀ náà kan èyí tí mo sọ nípa fọ́tò mi. Ètò kan wà tó ń jẹ́ Emby, tó ń ṣe irú iṣẹ́ kan náà, tí kóòdù rẹ̀, ìyẹn ọ̀rọ̀ tí wọ́n fi kọ ètò náà, wà ní gbangba tẹ́lẹ̀. Lọ́dún 2018, àwọn tó ni ín pinnu pé àwọn ò ní fi kóòdù náà hàn mọ́. Ní oṣù Kejìlá ọdún yẹn, àwọn kan mú ẹ̀dà tó kẹ́yìn tó ṣì ṣí sílẹ̀, ẹ̀dà 3.5.2, wọ́n sì ń bá iṣẹ́ lọ lórí rẹ̀ lábẹ́ orúkọ tuntun. Jellyfin nìyẹn. Ìwé àṣẹ GPL tó wà lórí kóòdù àtijọ́ náà ló fún wọn lẹ́tọ̀ọ́ láti ṣe bẹ́ẹ̀, òun náà ló sì wà lórí Jellyfin títí di òní. Bí àwọn tó ń ṣe é bá jáwọ́ lọ́la, ẹ̀dà tó wà lọ́wọ́ mi kò ní dẹ́kun iṣẹ́, ẹlòmíràn sì lè gbé e níbi tí wọ́n bá a dé. Kò sí apá kan tí wọ́n tì pa de ẹni tó bá sanwó. Orúkọ ìwọlé àti pásíwọ́ọ̀dù gbogbo ará ilé, inú ilé náà ló wà.

Fífi í sórí ẹ̀rọ kò gbà mí ju ìṣẹ́jú 15 lọ. Mo ṣí bíráúsà, mo tẹ nọ́ńbà tí kọ̀ǹpútà náà ń jẹ́ lórí nẹ́tíwọ́ọ̀kì ilé àti 8096, ẹnu ọ̀nà tí a ń gbà dé ọ̀dọ̀ Jellyfin, ojú ewé ìkíni jáde, mo yan èdè, mo fi pásíwọ́ọ̀dù sí i. Mo rò pé mo ti ṣe tán. Oṣù 2 ló gbà mí kí màmá mi tó rí kásẹ́ẹ̀tì àkọ́kọ́ wò dáadáa, ó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ pé kò sí èyíkéyìí nínú wàhálà oṣù 2 yẹn tó ti ọwọ́ Jellyfin wá. Hard disk ni, àṣẹ lórí fódà ni, orúkọ fáìlì ni, irú fídíò ni. Ibi tí mi ò fojú sí rárá ni iṣẹ́ wà.

Wàhálà àkọ́kọ́ nìyí. Mo so hard disk mọ́ kọ̀ǹpútà, mo rí àwọn fáìlì mi kedere. Mo tọ́ka fódà náà sí Jellyfin, mo ní kó yẹ inú rẹ̀ wò. Ó yẹ̀ ẹ́ wò tán, ó ní òfìfo ni. Alẹ́ 2 ni mo fi ń yọ Jellyfin kúrò, tí mo ń tún un fi, bí ẹni pé òun ló ṣẹ̀ mí. Ohun tí mi ò mọ̀ ni pé lórí Linux, Jellyfin kì í fi orúkọ mi ṣiṣẹ́. Ó ní orúkọ tirẹ̀, jellyfin, bí àlejò tí a fún ní yàrá. Hard disk tí mo sì so mọ́ ọn, ẹ̀rọ náà ti gbé e sábẹ́ /media àti orúkọ mi, ó sì ti ilẹ̀kùn ibẹ̀ mọ́ gbogbo ẹni tí kì í bá ṣe èmi. Èmi ń rí fáìlì, àlejò mi ò rí nǹkan kan. Àṣẹ kan ṣoṣo báyìí ló là mí lójú:

sudo -u jellyfin ls /media/orukomi/disiki/fidio

Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé, "ṣe bíi pé jellyfin ni ọ́, kí o sì wo inú fódà yìí fún mi." Èsì tó fún mi ni "Permission denied". Mo jókòó, mo mí kanlẹ̀. Láti ọjọ́ náà, kí n tó fi ẹ̀sùn kan ètò kankan, mo máa ń kọ́kọ́ bọ́ sípò rẹ̀ báyìí kí n lè fi ojú rẹ̀ wo ilé. Ohun kejì tí mo kọ́ níbẹ̀ ni pé kì í ṣe ilẹ̀kùn fódà ìkẹyìn nìkan ló gbọ́dọ̀ ṣí. Gbogbo fódà tó wà lójú ọ̀nà, láti òkè délẹ̀, ni àlejò náà gbọ́dọ̀ lè gbà kọjá. Àṣẹ namei -l máa ń to gbogbo wọn sílẹ̀ níkọ̀ọ̀kan, pẹ̀lú ẹni tó ni ín àti ẹni tó lè wọlé, ẹ ó sì rí ibi tí ọ̀nà ti dí lójú ẹsẹ̀.

Ojútùú rẹ̀ ni kí n má jẹ́ kí kọ̀ǹpútà máa fúnra rẹ̀ yan ibi tí yóò gbé hard disk sí mọ́. Mo ṣẹ̀dá fódà kan, /srv/fidio, mo sì kọ ọ́ sínú fáìlì /etc/fstab pé ibẹ̀ ni kí hard disk náà máa bọ́ sí nígbàkígbà tí kọ̀ǹpútà bá tàn. UUID ni mo fi dárúkọ rẹ̀, ìyẹn nọ́ńbà gígùn tí àṣẹ blkid máa ń fi hàn, nítorí orúkọ bíi sdb lè yí padà di sdc bí ẹ bá so nǹkan mìíràn mọ́ ọn. Mo ṣi lẹ́tà 1 kọ nínú nọ́ńbà náà. Mo pa kọ̀ǹpútà, mo tàn án, kò dìde mọ́. Ojú rẹ̀ sì ti fọ́ tẹ́lẹ̀, mi ò rí ohun tó ń sọ. Mo gbé e lọ sẹ́yìn tẹlifíṣọ̀n pálọ̀, mo fi wáyà HDMI so ó, ìgbà náà ni mo tó rí i pé ó dúró ń retí hard disk tí kò sí láyé yìí. Nítorí náà, bí ẹ bá kọ nǹkan sínú fstab, ẹ tẹ sudo mount -a kí ẹ tó pa ẹ̀rọ. Bí àṣìṣe bá wà níbẹ̀, yóò jẹ́wọ́ fún yín nígbà tí ẹ ṣì lè tún un ṣe. Kí ẹ sì fi ọ̀rọ̀ náà nofail sí ìlà ọ̀hún, kí kọ̀ǹpútà lè dìde bí hard disk kò bá tilẹ̀ sí nílé.

nofail yìí náà ní ewu tirẹ̀, mo sì jẹ ìyà rẹ̀. Ní alẹ́ ọjọ́ kan, wáyà hard disk yọ díẹ̀, kọ̀ǹpútà tún tàn láìsí i. Fódà /srv/fidio ṣì wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n fódà lásán ni, lórí dísìkì kékeré inú kọ̀ǹpútà. Iṣẹ́ tí mo ti ṣètò pé kó máa kó fáìlì wá láàárín òru kó wọn sínú fódà lásán yẹn títí dísìkì kékeré náà fi kún bámúbámú, gbogbo nǹkan sì dúró. Látìgbà náà, mo máa ń tú hard disk sílẹ̀, kí n wá fi chattr +i tì fódà òfìfo náà pa. Bí hard disk bá wà nípò, ó ń ṣiṣẹ́ bó ṣe yẹ. Bí kò bá sí níbẹ̀, ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ kó nǹkan síbẹ̀ yóò gba èsì pé kò ṣeé ṣe. Nínú gbogbo ohun tí mo kọ́, èyí ni mo máa ń kọ́kọ́ sọ fún ẹni tó bá fẹ́ bẹ̀rẹ̀.

Nítorí pé kọ̀ǹpútà alágbèéká ni, mo tún ní láti sọ fún un pé kó má máa sùn tí mo bá pa ìdérí rẹ̀ dé. Inú fáìlì /etc/systemd/logind.conf ni ọ̀rọ̀ yẹn wà, HandleLidSwitch=ignore. Ìṣẹ́jú 2 ni.

Wàyí o, Jellyfin rí fáìlì. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo ń ṣètò rẹ̀, ó ti bi mí pé irú nǹkan wo ló wà nínú fódà yìí, mo sì ti yan fíìmù láìronú. Bí ẹ bá ti sọ pé fíìmù ni, yóò ka orúkọ fáìlì, yóò lọ wá fíìmù tó ń jẹ́ orúkọ yẹn nínú àkójọ TheMovieDB lórí íntánẹ́ẹ̀tì, yóò sì gbé àwòrán àti àlàyé rẹ̀ wá. Fún fíìmù tòótọ́, ó dára púpọ̀: ẹ sọ fódà ní orúkọ fíìmù náà pẹ̀lú ọdún rẹ̀ nínú àkámọ́, kò ní ṣìnà. Ṣùgbọ́n fáìlì tèmi ń jẹ́ Birthday. Nígbà tí mo ṣí i han màmá mi, ọjọ́ ìbí 50 tiwọn ló wà lábẹ́ àwòrán fíìmù adẹ́rùbani kan, obìnrin tí ẹ̀jẹ̀ bo ojú rẹ̀. Wọ́n yí ojú kúrò. Wọ́n ní, "Kí lo fi orí mi ṣe yìí?" Ojú tì mí, mo bẹ̀ wọ́n.

Irú èyí tó yẹ kí n yàn wà níbẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀, Home Videos and Photos, èyí tí kì í lọ wá nǹkan kan níta. Irú tí a bá ti yàn kì í ṣeé yí padà, ẹ ó ní láti yọ àkójọ náà kúrò kí ẹ tún un dá. Ọkàn mi kò balẹ̀ nígbà tí mo fẹ́ tẹ̀ ẹ́, ṣùgbọ́n àkójọ ni ó ń yọ, kì í fọwọ́ kan fáìlì tó wà lórí hard disk. Mo tún fi ọdún àti oṣù ṣáájú orúkọ gbogbo fáìlì, 2003-08 fún àpẹẹrẹ, kí wọ́n lè tò tẹ̀ léra wọn bí ọjọ́ ṣe tẹ̀ léra.

Ibi tó gbà mí lákòókò jù lọ ni fídíò fúnra rẹ̀. Ohun tó yẹ kí gbogbo ẹni tó fẹ́ ṣe irú sẹ́fà yìí mọ̀ ni pé ọ̀nà méjì gbòógì ni fídíò lè gbà dé ojú tẹlifíṣọ̀n. Bí tẹlifíṣọ̀n bá mọ èdè tí wọ́n fi kọ fídíò náà, sẹ́fà á kàn fà á lé e lọ́wọ́ bó ṣe wà. Kọ̀ǹpútà tó ti darúgbó pàápàá lè ṣe èyí fún ẹni 5 lẹ́ẹ̀kan náà. Ṣùgbọ́n bí kò bá mọ̀ ọ́n, sẹ́fà gbọ́dọ̀ máa túmọ̀ rẹ̀ lójú ẹsẹ̀, kó tú àwòrán kọ̀ọ̀kan, kó tún un kọ lédè mìíràn, kó sì yára ju ẹni tó ń wò ó lọ. Transcode ni wọ́n ń pe iṣẹ́ yìí. FFmpeg ló ń bá Jellyfin ṣe é, òun náà ètò ọ̀fẹ́ tí Fabrice Bellard bẹ̀rẹ̀ lọ́dún 2000.

Kásẹ́ẹ̀tì bàbá mi, èdè DV ni wọ́n fi kọ ọ́, kò sì sí bíráúsà tàbí tẹlifíṣọ̀n kankan nílé wa tó gbọ́ DV. Nítorí náà, nígbàkígbà tí màmá mi bá tẹ̀ ẹ́, fáànù kọ̀ǹpútà yóò gbéra sọ bí ìjì, fídíò yóò lọ ní ìṣẹ́jú àáyá 10, yóò dúró, yóò tún lọ. Lójú ewé tí Jellyfin fi ń ṣàlàyé iṣẹ́ rẹ̀, ó máa ń sọ bóyá ó ń túmọ̀ fídíò tí ẹnì kan ń wò tàbí ó kàn ń fà á lé e lọ́wọ́, ó sì máa ń sọ ìdí. Èmi ti fi ọjọ́ mélòó kan bú Wi-Fi kí n tó lọ wo ibẹ̀.

Àwòrán náà sì tún ní àbùkù mìíràn. Bí ẹnikẹ́ni bá ti gbọwọ́ sókè, etí ọwọ́ náà á fọ́ sí ìlà tín-ín-rín tín-ín-rín bí eyín òòyà. Kámẹ́rà ayé ìgbà náà kì í ya àwòrán kan pọ̀ lẹ́ẹ̀kan. Ìlà kan yọ ìlà kan ló ń yà á, ìdajì kan lákọ̀ọ́kọ́, ìdajì kejì tẹ̀ lé e lójú ẹsẹ̀. Tẹlifíṣọ̀n onígo àtijọ́ mọ bí yóò ṣe fi í hàn, tòde òní ń lẹ ìdajì méjèèjì pọ̀ mọ́ra. Dípò kí n jẹ́ kí sẹ́fà máa jà sí gbogbo èyí lójoojúmọ́, mo pinnu láti túmọ̀ gbogbo kásẹ́ẹ̀tì lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, lóru, nígbà tí kò sí ẹni tó ń wo nǹkan. Ohun tí mo tẹ̀ fún kásẹ́ẹ̀tì keje rèé:

ffmpeg -i kaseti07.dv -vf yadif=1 -c:v libx264 -crf 18 -preset slow -pix_fmt yuv420p -c:a aac -b:a 192k kaseti07.mp4

yadif ló ń tú ìdajì méjèèjì kúrò lára ara wọn, eyín òòyà á sì lọ. libx264 ló ń kọ ọ́ lédè H.264, èdè tí ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ pé gbogbo ẹ̀rọ ló gbọ́ ọ. Nọ́ńbà tó wà lẹ́yìn crf ló ń pinnu bí àwòrán yóò ṣe dára tó: bó ṣe ń kéré sí i ni àwòrán ń dára sí i, tí fáìlì sì ń tóbi. Mo dán 18, 20 àti 23 wò lórí ìṣẹ́jú 1 kan náà, mo jókòó sún mọ́ tẹlifíṣọ̀n, mo ń wo ojú bàbá mi ní mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, mo sì mú 18. Ẹ má fi pix_fmt yẹn sílẹ̀ o. Ìgbà àkọ́kọ́ tí mo gbàgbé rẹ̀, fáìlì jáde, ó ń ṣiṣẹ́ lórí kọ̀ǹpútà mi, ṣùgbọ́n tẹlifíṣọ̀n kọ̀ ọ́ pátápátá, nítorí ètò àwọ̀ tó wà nínú fídíò kámẹ́rà náà kì í ṣe irú èyí tí tẹlifíṣọ̀n mọ̀. Fáìlì DV fúnra wọn, mi ò pa ìkankan rẹ́. Àwọn ni ojúlówó, wọ́n wà nínú fódà ọ̀tọ̀ tí Jellyfin kì í wò.

Ọ̀rọ̀ fídíò tí àbúrò mi obìnrin ń fi ránṣẹ́ láti orí fóònù rẹ̀ tún yàtọ̀. HEVC ni wọ́n, èdè tuntun tí ń mú kí fáìlì kéré sí i, sẹ́fà sì ní láti máa túmọ̀ wọn. Kọ̀ǹpútà Intel ní ẹ̀yà ara kan tó wà fún títúmọ̀ fídíò, Quick Sync, bí ẹ bá sì fi jellyfin sínú ẹgbẹ́ render, ìyẹn àwọn tó ní àṣẹ láti lo ẹ̀yà ara náà, ó lè lò ó dípò kó máa fi ọpọlọ kọ̀ǹpútà ṣe gbogbo iṣẹ́. Mo ṣe bẹ́ẹ̀, kò ràn mí lọ́wọ́. Ọpọlọ Intel tó wà nínú kọ̀ǹpútà alágbèéká mi jẹ́ ìran kẹrin, ìran kẹrin sì lè fi ẹ̀yà ara náà tú H.264, kò lè tú HEVC. Láti ìran kẹfà ni HEVC ti bẹ̀rẹ̀, irú rẹ̀ tó jẹ́ bíìtì 10 sì di ìran keje. Bí mo bá ti tẹ àṣẹ vainfo lọ́jọ́ àkọ́kọ́ ni, ó ti to gbogbo èyí tí ẹ̀rọ mi mọ̀ sílẹ̀. Ní ìgbẹ̀yìn, mo ra kọ̀ǹpútà kékeré àlòkù kan tó jẹ́ ìran kẹjọ, tí kò tóbi ju ìwé atúmọ̀-èdè lọ. Ẹni tó bá fẹ́ ra ẹ̀rọ fún iṣẹ́ yìí, ìran rẹ̀ ni kó kọ́kọ́ béèrè kó tó béèrè bó ṣe yára sí.

Ó kù díẹ̀ lórí wáyà. Sẹ́fà àti tẹlifíṣọ̀n kò gbọ́dọ̀ jọ máa du Wi-Fi kan náà mọ́ra wọn lọ́wọ́. Ó kéré tán, ẹ fi wáyà so sẹ́fà mọ́ ráútà. Mo so tèmi, síbẹ̀ kò kọjá mẹ́gábíìtì 100 ní ìṣẹ́jú àáyá kan, nígbà tó yẹ kó dé 1000. Okùn inú wáyà náà jẹ́ 8, 100 kò nílò ju 4 lọ, ṣùgbọ́n 1000 nílò gbogbo wọn. Ọ̀kan ti já nínú wáyà mi níbi tí ilẹ̀kùn máa ń tẹ̀ ẹ́. Mo pààrọ̀ rẹ̀, ó tán.

Nígbà tí àbúrò mi, tó ń gbé lókè òkun, gbọ́ pé a ti ń wo kásẹ́ẹ̀tì, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, èmi ńkọ́?" Mo kánjú. Mo wọ inú ráútà, mo ṣí ẹnu ọ̀nà 8096 sí ìta gbangba, mo fi àdírẹ́sì ránṣẹ́ sí i. Ó wò ó lóòótọ́, ó sunkún lórí fóònù. Ní ọjọ́ kejì, mo wo àkọsílẹ̀ sẹ́fà, mo rí i pé àwọn kan tí mi ò mọ̀ rí ti ń fi orúkọ admin gbá ilẹ̀kùn mi láti òru. Ẹ̀rọ ni wọ́n, tí wọ́n ń lọ káàkiri íntánẹ́ẹ̀tì tí wọ́n ń gbá gbogbo ilẹ̀kùn. Mo tì í lójú ẹsẹ̀. WireGuard ni mo fi rọ́pò rẹ̀, ètò ọ̀fẹ́ tó ń la ọ̀nà ìkọ̀kọ̀ láàárín ẹ̀rọ méjì lórí íntánẹ́ẹ̀tì, tó ti wà nínú Linux fúnra rẹ̀ láti ẹ̀dà 5.6 ní ọdún 2020. Kọ́kọ́rọ́ kan wà lórí fóònù àbúrò mi, òmíràn wà lórí sẹ́fà. Bí ẹni tí kò ní kọ́kọ́rọ́ bá kan ilẹ̀kùn, WireGuard kì í dáhùn rárá, bí ẹni pé kò sí ilé níbẹ̀. Ìrọ̀lẹ́ 1 ni mo fi ṣètò rẹ̀, ó yẹ kí n ti fi ìrọ̀lẹ́ yẹn ṣáájú.

Nígbà kan, mo tilẹ̀ gbìyànjú láti fi ọwọ́ ara mi kọ́ Jellyfin láti inú kóòdù rẹ̀, bí ẹni kọ́lé, nítorí mo fẹ́ mọ̀ bóyá ọ̀rọ̀ nípa kóòdù tó ṣí sílẹ̀ yìí jẹ́ òótọ́ fún irú èmi. Òótọ́ ni. Èdè C# ni wọ́n fi kọ ọ́, irinṣẹ́ .NET ni ẹ nílò. Ohun tó dá mi dúró ni pé mo kọ́ ọ tán, kò gbà láti gbéra, ó ní òun ń wá ojú ewé tí òun yóò fi han èèyàn. Sẹ́fà àti ojú ewé tí a ń rí nínú bíráúsà, ibi ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni kóòdù wọn wà, jellyfin àti jellyfin-web, ẹ ó kọ́ méjèèjì. Fún iṣẹ́ ojoojúmọ́, mi ò rí ìdí tí ẹnikẹ́ni fi ní láti ṣe bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ọjọ́ tó gbéra láti inú kóòdù tí mo fi ọwọ́ ara mi kọ́, ọkàn mi balẹ̀ lọ́nà tí kò tíì gbà balẹ̀ rí.

Hard disk máa ń kú. Mi ò sọ ọ́ láti dẹ́rù ba ẹnikẹ́ni. Mo ti ń fi smartctl wo tèmi lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀, nọ́ńbà tó ń jẹ́ Reallocated_Sector_Ct, èyí tó ń ka àwọn ibi tó ti bàjẹ́ lójú dísìkì. Ó wà ní 0 fún oṣù púpọ̀. Ó di 8. Ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, ó di 40. Mo ra òmíràn lọ́jọ́ náà gan-an, mo kó gbogbo nǹkan kúrò lórí rẹ̀, kò sì pẹ́ tó fi dákẹ́ pátápátá. Báyìí, ojúlówó DV wà níbi mẹ́ta: lórí hard disk inú ilé, lórí èkejì tí mo máa ń so mọ́ ọn lóṣooṣù tí mo sì tún máa ń yọ, àti lọ́dọ̀ àbúrò mi. Àwọn kan sọ fún mi pé kí n fi dísìkì 2 ṣe RAID, ìyẹn kí ohun tó bá wọ ọ̀kan máa wọ èkejì lẹ́ẹ̀kan náà, ó tán. RAID dára bí dísìkì 1 bá kú. Bí mo bá fi ọwọ́ ara mi pa fáìlì rẹ́, yóò pa á rẹ́ lórí méjèèjì lẹ́ẹ̀kan náà.

Ohun kan tí mo ṣe tí inú mi dùn sí jù ni pé mo sọ fún Jellyfin kó máa fi àlàyé fídíò kọ̀ọ̀kan pamọ́ sínú fáìlì NFO lẹ́gbẹ̀ẹ́ fídíò náà, kì í ṣe inú àpótí tirẹ̀ nìkan. Ìwé lásán ni NFO, ẹnikẹ́ni lè ṣí i kà láìní Jellyfin rárá. Bí a ṣe wá ń ṣe é nìyí: ní alẹ́ ọjọ́ Àìkú, èmi àti màmá mi á jókòó, a ó ṣí kásẹ́ẹ̀tì kan, àwọn á máa dárúkọ, èmi á máa tẹ̀ ẹ́. "Dá a dúró níbẹ̀. Ẹni tó wọ aṣọ búlúù yẹn, ọ̀rẹ́ bàbá rẹ ni, àwọn ló wa ọkọ̀ lọ́jọ́ yẹn." Ìgbà mìíràn wọ́n á ní kí n dá a padà, kí wọ́n tún lè gbọ́ bí bàbá mi ṣe rẹ́rìn-ín lẹ́yìn kámẹ́rà, nítorí àwọn ló ń yà á, a kì í sábà rí wọn. Nínú kásẹ́ẹ̀tì keje, wọ́n gbé kámẹ́rà lé orí nǹkan kan, wọ́n sì rìn wá síwájú rẹ̀ fún bí ìṣẹ́jú àáyá 20, wọ́n ń tún kọ́là wọn ṣe. Màmá mi ní kí n kọ orúkọ wọn síbẹ̀ ní kíkún. Kásẹ́ẹ̀tì 9 la ti ṣe, ó ku 14.